Fọ́tò mẹ́jọ, odò kan, àti ibi tí kámẹ́rà dúró sí

1/ Ẹ gbọ́ o. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo dúró lókè Màpó n'Íbàdàn, mo ń fi fóònù ya páńórámà gbogbo páànù tó ti dógùn-ún yẹn. Àbúrò mi rìn kọjá níwájú mi, ló bá di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta! Ẹ mọ̀dí ẹ̀? Fóònù á ya fọ́tò púpọ̀, á wá lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹni tí ò bá dúró jẹ́ẹ́, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ á dàrú.

2/ Iṣẹ́ yìí ti wà kí fóònù tó dáyé. Ní 24 September 1848, ọjọ́ Àìkú náà ni, Charles Fontayne àti William Porter gbé kámẹ́rà gun òrùlé kan ní Newport, ìpínlẹ̀ Kentucky, l'Amẹ́ríkà. Wọ́n kọjú ẹ̀ sí ìlú Cincinnati tó wà ní òdìkejì odò Ohio.

3/ Kò sí fíìmù níbẹ̀ o. Awo bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò ni. Èéfín mẹ́kúrì ló ń mú àwòrán jáde lórí ẹ̀. Wọ́n ya ọ̀kan, wọ́n yí kámẹ́rà díẹ̀, wọ́n tún ya òmíràn, títí ó fi pé mẹ́jọ. Tí ẹ bá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, nǹkan bíi máìlì méjì etí odò lẹ máa rí.

4/ Lẹ́yìn ọdún tó lé ní 150, àwọn tó ń tọ́jú fọ́tò àtijọ́ ní George Eastman House fi maikirosíkóòpù wò ó. Aago ara ilé gogoro kan wà níbẹ̀, bíi mìlímítà 1 péré ló fẹ̀ lórí awo. Wọ́n kà á! Aago méjì ọ̀sán ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

5/ Àmọ́ kì í ṣe aago yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn. Odò yẹn gan-an ni. Ní Kentucky, níbi tí kámẹ́rà dúró, òfin gbà kí wọ́n ra èèyàn, kí wọ́n tà á. Ní Ohio, níbi tó ń wò, òfin ti ka ẹrú níní léèwọ̀. Ohun tí kámẹ́rà rí lọ́jọ́ yẹn, àwọn ẹrú tó wà ní Newport ń rí i lójoojúmọ́: òmìnira, lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, odò ló là á.

6/ Ẹni tó tiẹ̀ sọdá ò tíì bọ́ tán. Òfin Amẹ́ríkà ti 1793 gba olówó ẹrú láyè láti wá mú un padà.

7/ Ẹ fi páńórámà ìlú yín sísàlẹ̀ níbí. Ẹ má sọ ohun tẹ́ ẹ yà nìkan o. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí.