Òkúta Tó Kú Kò Pa Rédíò

Ní 1986, nígbà tí mo wà lọ́mọdé n'Ílọrin, iṣẹ́ mi ni láti sá òkúta rédíò bàbá àgbà sórí páànù. Bí Ọ̀dọ́láyé Àrẹ̀mú bá ń kọ dadakúàdà lọ́wọ́, tí ohùn rẹ̀ bá wá ń fà bíi ti ẹni tó ń tòògbé, bàbá á ní, "Ọmọ mi, òkúta ti ń kú. Lọ sá a sóòrùn."

Oòrùn kì í fi agbára tuntun sínú òkúta o. Ooru rẹ̀ ló kàn ń ta oògùn inú rẹ̀ jí fúngbà díẹ̀. Bó bá kú tán, a ó ra mẹ́rin mìíràn, a ó ṣí ẹ̀yìn rédíò, a ó kó òkú jáde, a ó ki alààyè bọ̀ ọ́. Ó parí! Rédíò yẹn pẹ́ ju bàbá lọ.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tòní. Ní 1859, Planté ará Faransé fi òjé ṣe bátìrì tó ṣeé cháàjì, bàbá ńlá bátìrì mọ́tò wa. Ní 1897, takisí oníná ti wà n'ígboro New York. Bí bátìrì wọn bá rẹ̀, wọn kì í jókòó tì í: wọ́n á wọ gáréèjì, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á gbé èyí tó ti kún sí i, ó di títì.

Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, èékánná la fi ń ṣí ẹ̀yìn fóònù. Lónìí ńkọ́? Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa. Láìpẹ́ yìí, mo gbé tèmi fún ọmọkùnrin kan kó pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Bó ṣe ń fi ooru ṣí i, gílásì sán. "Ẹ má bínú, Àlàájì. Ẹ kúkú ra tuntun."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ṣeé ṣe. Bátìrì 24 kWh ni Nissan Leaf ti 2010 gbé wáyé. Àwọn kan ti yọ ọ́, wọ́n fi 40 kWh ti àwọn àbúrò rẹ̀ sí i, arúgbó ọkọ̀ wá ń rìn jìnnà ju ìgbà èwe rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Yúróòpù náà ṣòfin ní 2023 pé láti 2027, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alágbèéká gbọ́dọ̀ ní bátìrì tí olówó rẹ̀ lè yọ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ má wo dídán rẹ̀ nìkan. Ẹ bi òǹtajà léèrè: bí òkúta rẹ̀ bá kú, ibo la ó gbà yọ ọ́?