Oyin Inú Àpáta

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe akin ni òwe yìí; òun ni a fi ń ki ọdẹ láyà nígbà tí ó bá ń wọ igbó kìjikìji lọ, òun ni a sì fi ń ti ọ̀dọ́ tí ó ń ṣiyèméjì lórí òwò síwájú, kí ó lè mọ̀ pé irin a máa kújú kí ohun dídùn tó tẹ ènìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ tú òwe náà wò, a ó rí i pé àwọn tí ó pa á kò sọ níbì kankan pé akin náà kò mọ iye tí alágbẹ̀dẹ gbà lórí àáké. Ẹni tí àáké rẹ̀ kò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ, tí ilé arọ jìnnà sí i, tí oyin tí ó wà nínú àpáta kò sì tó ohun tí a fi ń ra irin mìíràn, bí ó bá gbé àáké sókè láìwo ẹnu rẹ̀, akọni kọ́ ni a ó pè é.

N kò mọ ibi tí irin àti oyin ti ń fojú kojú tó ìdí tábìlì pókà, ní wákàtí tí àwọn tí ó kù nínú ìdíje bá fi ẹnì kan tàbí ẹni méjì péré ju iye àwọn tí a óò fún lówó lọ. Àwọn kan yóò ní tẹ́tẹ́ ni, kí ni ọmọlúàbí ń wá níbẹ̀? N kò bá wọn jiyàn. Síbẹ̀, ẹni tí kò fọwọ́ kan káàdì rí láyé rẹ̀ lè rí ẹ̀kọ́ ìṣirò kọ́ lára rẹ̀, nítorí pé ìṣirò náà kì í ṣe ti káàdì nìkan.

Bí ìdíje náà ṣe rí nìyí. Iye kan náà ni gbogbo ènìyàn ń san wọlé, iye kan náà ni a sì ń fún wọn nínú àwọn róbótó pẹlẹbẹ aláwọ̀ mèremère tí à ń pè ní ṣíìpù. Ẹni tí tirẹ̀ bá tán, ó di dandan kí ó dìde. A kò gbọ́dọ̀ kó ṣíìpù lọ pààrọ̀ sí owó. Ipò tí ènìyàn bá dé ni a fi ń san owó fún un, owó ọ̀ranyàn tí gbogbo wọn ń fi sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kí a tó pín káàdì a sì máa pọ̀ sí i bí àkókò ti ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó kalẹ̀ láìta. Ní Las Vegas, ìlú aṣálẹ̀ tí òru rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ọ̀sán ìlú mìíràn lọ, ni Benny Binion ti dá ìdíje ńlá tí a ń pè ní World Series of Poker sílẹ̀ ní 1970, nínú Horseshoe, ilé tẹ́tẹ́ rẹ̀. Láti 1972 ni owó ìwọlé sí olórí ìdíje náà ti jẹ́ 10,000 dọ́là. Ní 2023, ènìyàn 10,043 ni ó wọlé. 1,507 nínú wọn ni a fún lówó. Ẹni tí ó gbẹ̀yìn nínú àwọn wọ̀nyí gba 15,000 dọ́là. Daniel Weinman tí ó ṣe ipò kìíní gba 12,100,000. Ẹni tí ó ṣe ipò 1,508, tí òun náà ti jókòó lọ́sàn-án lóru fún ọjọ́ mélòó kan, kò ní ìpín kankan nínú owó ẹ̀bùn náà.

Ìdí nìyí tí ìṣe ènìyàn fi ń yí padà bí ẹnu ọ̀nà owó bá ti ń sún mọ́. Ẹni tí ó ti ń pa gbogbo tábìlì lẹ́rìn-ín láti òwúrọ̀ a dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ kò níláárí a tẹjú mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú gbọọrọ, a máa mí kanlẹ̀, a máa ka ṣíìpù rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ó ń wá kò ju kí iṣẹ́ máa lọ lórí àwọn tábìlì yòókù, kí ẹlòmíràn lè ṣáájú òun kúrò nílé. Nítorí àrékérekè yìí ni àwọn alábòójútó fi ṣòfin pé, bí ó bá ti kù dẹ̀dẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo tábìlì yóò máa pín káàdì; èyí tí ó bá tètè parí yóò dúró de èyí tí ń falẹ̀, a kì yóò sì pín òmíràn títí gbogbo wọn yóò fi ṣe tán. Bí ènìyàn méjì bá wá ta tán lórí tábìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìpín kan ṣoṣo yẹn, owó ipò tí wọ́n jọ dé ni wọn yóò jọ pín.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìdíje kékeré kan, kí ojú wa lè ká a. Owó ẹ̀bùn jẹ́ 1,000 dọ́là: ẹni kìíní yóò gba 500, ẹni kejì 300, ẹni kẹta 200, ẹni kẹrin yóò sì lọ lọ́wọ́ òfo. Ènìyàn mẹ́rin ni ó kù, ṣíìpù wọn sì dọ́gba. Bí a bá gbé ìrètí ẹnì kọ̀ọ̀kan lé ìwọ̀n kí a tó pín káàdì, 250 dọ́là ni. Wàyí o, méjì nínú wọn kó gbogbo ohun tí wọ́n ní kọlu ara wọn. Ẹni tí ó pàdánù ti lọ, 250 rẹ̀ sì ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tí ó borí ti ní ìlọ́po méjì ṣíìpù tí ó ní tẹ́lẹ̀; ǹjẹ́ ìrètí rẹ̀ di 500 bí? Ẹni tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà ìdáhùn ni David Harville, tí ó kọ̀wé ní 1973 lórí eré ẹṣin: ó ní bí a bá ti mọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan láti ṣe ipò kìíní, kí a mú ẹni kìíní kúrò, kí a pín ipò kejì láàárín àwọn tí ó kù ní ìwọ̀n agbára wọn, kí a sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1980 ni Mason Malmuth gbé ìṣirò yìí wọ inú pókà, tí ó fi ṣíìpù rọ́pò agbára ẹṣin. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà yìí, nínú ìgbà mẹ́fà, olúborí wa yóò ṣe ipò kìíní ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ipò kejì ní ẹ̀ẹ̀mejì, ipò kẹta ní ẹ̀ẹ̀kan. Ìrètí rẹ̀ kò ju 383 dọ́là lọ. Ó fi 250 ta 133.

Níbi tí ṣíìpù ti jẹ́ owó gan-an, ẹni tí ó bá lè borí nígbà 51 nínú 100 ti wà lórí èrè. Níhìn-ín, bí kò bá lè borí ju ìgbà 65 lọ, òfò ni ó ń ṣe. Ásì àti ọba, káàdì tí ń mú orí àwọn òṣèré wú, kò fi bẹ́ẹ̀ ju 65 yẹn lọ bí a bá gbé e kọ káàdì tí a kò mọ̀ rárá. Bí ayaba méjì bá sì ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀tá, kò tilẹ̀ pé 50. Níbo wá ni 117 dọ́là tí ó ṣẹ́kù nínú 250 ẹni tí ó pàdánù gbà? Àwọn méjì tí wọ́n káwọ́ gbera ni wọ́n pín in, 58 lé díẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láìju káàdì kan sílẹ̀. A máa ń sọ pé bí erin méjì bá ń jà, koríko ni yóò fara gbá a. Lẹ́nu ọ̀nà owó, koríko ni ó ń sanra.

Nítòótọ́, ṣíìpù kì í sábà dọ́gba, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n ti ń di méjì. Ẹni tí òkìtì rẹ̀ ga jù lọ, tí ó lè lé ẹnikẹ́ni jáde tí kò sì sí ẹni tí ó lè lé òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a di ọba adé-kádé-orí lórí tábìlì náà: yóò máa fi owó kún owó nínú ìpín dé ìpín, ì báà jẹ́ káàdì tí a lè fi ṣáná ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé àwọn tí ó tẹ̀ lé òun kò ní ìgboyà láti dá òun lóhùn. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e yìí, alábọ́ọ́dé, ni ìyà ibẹ̀ jẹ jù. Wọ́n ti ní ohun tí wọ́n lè pàdánù, wọn kò sì ní tó ohun tí wọ́n fi lè halẹ̀. Bí wọ́n bá rí aláìní kan tí ṣíìpù rẹ̀ kò ní í pẹ́ tán níwájú wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n: ìjà pẹ̀lú ẹni tí ó ju wọ́n lọ kò kàn wọ́n títí dìgbà tí aláìní náà yóò fi jáde. Aláìní fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó yani lẹ́nu pé òun ni ó lómìnira jù, nítorí owó ọ̀ranyàn yóò gbé e mì lọ́nàkọnà bí kò bá fò.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn nípa fífò náà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀nà méjì tí ó lè gbà jèrè: kí àwọn yòókù sá fún un, tàbí kí wọ́n dá a lóhùn kí káàdì sì gbè é. Ẹni tí ó dá a lóhùn kò ní ju ọ̀nà kan lọ. Nítorí náà ni ọ̀jáfáfá òṣèré, ní wákàtí yìí, fi ń ṣáájú fò pẹ̀lú káàdì tí kò tó nǹkan, tí yóò sì tún ju èyí tí ó dára jù ú lọ sílẹ̀ bí ẹlòmíràn bá ti ṣáájú rẹ̀. Ojú aláìmọ̀ ni ó fi ń pe èkíní ní wèrè, tí ó ń pe èkejì ní ojo.

Ní tèmi, mo rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá gbọ́ ìṣirò yìí kì í mú nǹkan kan níbẹ̀ àfi ìbẹ̀rù. Wọn a fara pamọ́ títí a ó fi dárúkọ ẹni tí ó jáde láìgbowó, wọn a pàtẹ́wọ́, a ó sì rí i pé owó ọ̀ranyàn ti jẹ òkìtì wọn ku pálí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ní 2023 tí a wí yẹn, ẹ̀bùn ẹni kìíní ju ìlọ́po 800 ẹ̀bùn ẹni ìkẹyìn lọ, a kì í sì í fi ṣíìpù tí ó ti gbẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí kò ṣe pé orí bá gbe ènìyàn. Orí kúkú gbe Jack Straus nínú ìdíje Las Vegas yìí kan náà ní 1982. Wọ́n ní ó rò pé òun ti pàdánù gbogbo rẹ̀, ó ti fẹ́ dìde, kí ó tó rí ṣíìpù 500 kan ṣoṣo lábẹ́ ìnuwọ́. Nítorí kò sì fi ẹnu sọ pé òun kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a jẹ́ kí ó máa bá a lọ, ó sì fi ẹyọ kan náà ta gbogbo àwọn tí ó kù yọ, nínú ìdíje oní ènìyàn 104, ó gba 520,000 dọ́là. Bí ìṣirò Malmuth bá ní ẹlẹ́rìí, òun nìyẹn, nítorí ṣíìpù ìkẹyìn lọ́wọ́ ẹni ni ó níye lórí jù nínú gbogbo ṣíìpù.

Irú ìdíje kan tún wà tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé góńgó: èyí tí ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ tikẹ́ẹ̀tì ìwọlé sí ìdíje tí ó tóbi jù ú lọ. Inú irú rẹ̀ ni Chris Moneymaker, akáǹtì kan láti Tennessee, ti wọlé ní 2003. 86 dọ́là ni ó san lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti ibẹ̀ dé Las Vegas, níbi tí ó ti ta ènìyàn 838 yọ tí ó sì gba 2,500,000. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé tikẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá wà, tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ènìyàn mọ́kànlá ni ó kù, ẹni wa ṣe ipò karùn-ún nínú iye ṣíìpù, tí ẹnì kan sì wà lápá ọ̀tún rẹ̀ tí ṣíìpù rẹ̀ kò lè san owó ọ̀ranyàn tí ń bọ̀. Ẹni tí ó lówó jù lórí tábìlì kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni wa ṣí káàdì rẹ̀ wò: ásì méjì, èyí tí kò sí èyí tí ó jù ú lọ nínú pókà, tí ń borí káàdì tí a kò mọ̀ nígbà bí 85 nínú 100. Ó gbọ́dọ̀ jù ú sílẹ̀. Bí ó bá dáhùn tí ó borí, tikẹ́ẹ̀tì kan ni. Bí ó bá jù ú sílẹ̀, tikẹ́ẹ̀tì kan náà ni kò ní í pẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí ó bá dáhùn tí ó pàdánù, yóò wọ ọkọ̀ wálé lọ́wọ́ òfo.