Òṣìṣẹ́ tí Ẹ̀rọ Ṣe Léṣe àti Ìpadà Rẹ̀ sí Ẹnu Iṣẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Òwe ìrẹ́pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n létí òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́, ìròyìn ìgbésí ayé rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà kan Dọ̀pẹ̀mú gan-an, àdúgbò tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Kò jìnnà sí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ Ìkẹjà, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà pín ilẹ̀ fún ní àwọn ọdún 1950.

Láyé àgbẹ̀, ẹni tí àdá bá ṣá lẹ́sẹ̀ kò tipa bẹ́ẹ̀ di ẹni àpatì. Àwọn ẹbí a bá a ro oko, òun náà a sì wá iṣẹ́ ìjókòó ṣe, bí agbọ̀n híhun tàbí okùn lílọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ẹbí. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ṣubú, ẹlòmíràn ni yóò dúró sí ipò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Jámánì ṣe òfin lórí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ní 1884, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe tirẹ̀ ní 1897. Ní 1941 ni òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ dé Nàìjíríà. Òfin náà ṣírò ẹ̀yà ara tí ó sọnù, ó sì fi iye owó lé e. Bí òṣìṣẹ́ bá ti gba owó náà tán, ọ̀rọ̀ parí láàárín òun àti ọ̀gá rẹ̀. Owó a máa tán. Ọwọ́ tí ó lọ kò ní padà.

Ọ̀nà kejì ṣí ní Ìgbóbì ní 1945, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ibẹ̀ di ilé ìwòsàn eegun fún gbogbo ènìyàn, a sì ń ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá níbẹ̀. Báyìí ni owó wà lọ́tọ̀, tí ìwòsàn wà lọ́tọ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó fi iṣẹ́ so wọ́n pọ̀. Òfin 1987 tí ó rọ́pò ti 1941 kò kúrò lójú ọ̀nà owó.

Òfin 2010 ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò kan lọ́dọ̀ àjọ NSITF, kí a lè tọ́jú ẹni tí ó fara pa, kí a sì ràn án lọ́wọ́ láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Alágbàṣe àti ọmọ iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ gbọdọ̀ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá gbọdọ̀ sọ fún àjọ láàárín ọjọ́ 7. Òfin 2019 sì kọ̀ kí a torí àbùkù ara du ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àǹfààní wo ni òfin ń ṣe fún alágbàṣe tí kò mọ̀ pé òun ní ọjọ́ 14? Ta ni yóò kọ́ ẹni tí kò lè dúró nídìí ẹ̀rọ mọ́ ní iṣẹ́ ìwé tàbí ìtọ́jú ẹrù? Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí lóòótọ́. Òfin ti na ọwọ́ kan. Ọwọ́ kejì di ti agbanisíṣẹ́.