Ojúlé àti Opó nínú Ìwé Owó-orí Àwọn Ottoman

Bí ọba Ottoman bá ti gba ilẹ̀ kan, akọ̀wé ni í tẹ̀lé ọmọ-ogun wọ ibẹ̀. Akọ̀wé yìí a máa lọ láti abúlé dé abúlé, a máa kọ orúkọ olórí ojúlé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ti bàbá rẹ̀, a sì máa ṣírò àlìkámà, èso àjàrà àti oyin tí wọ́n ń rí kó jọ. Defter ni orúkọ ìwé náà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jù lọ tí ó ṣẹ́kù ni ti ilẹ̀ Albania, ti ọdún 1431 sí 1432, tí Halil İnalcık tẹ̀ jáde ní 1954. Ní 1455, wọ́n kọ ti ilẹ̀ ìdílé Branković ní Kosovo.

Kì í ṣe pé ọba ń fẹ́ mọ iye ènìyàn. Kì í san owó oṣù fún jagunjagun ẹlẹ́ṣin rẹ̀. Owó-orí àti ìdámẹ́wàá oko àwọn ará abúlé ni ó ń yàn fún un, kí ó fi tọ́jú ẹṣin àti ohun ìjà. Ó di dandan, nígbà náà, kí wọ́n mọ ohun tí abúlé lè mú wá.

Hane ni akọ̀wé ń kà. Ibí yìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣọ́ra. Èmi kò jẹ́ túmọ̀ hane sí agboolé, nítorí agboolé tiwa a máa gba bàbá, àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn ìyàwó àti ọmọ gbogbo wọn. Ojúlé ni ó súnmọ́ ọn jù: ọkùnrin tí ó ti gbéyàwó, tí ó ń dáko, tí ó sì ń dá owó-orí san. Àpọ́n tí ó ti tó iṣẹ́ ṣe, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ òun. Ömer Lütfi Barkan dábàá pé kí a sọ iye ojúlé di ọ̀nà 5 kí a tó mọ iye ènìyàn. Ó dára, ṣùgbọ́n bí abúlé kan bá ní ojúlé 20, ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ènìyàn 100 ni defter kà. Ojúlé 20 ni ó kà. Àwa ni a fi ìyókù kún un.

Ìyàwó ńkọ́? Akọ̀wé kò kọ ọ́. Ọmọbìnrin? Kò kọ òun náà. Obìnrin tí a sábà máa ń bá pàdé níbẹ̀ ni opó tí ó ń mú oko ọkọ rẹ̀ dúró. Bí ọkọ bá jẹ́ Kristẹni, akçe 25 ni ó ń san lọ́dún nígbà ayé rẹ̀, ìyẹn owó fàdákà wẹ́wẹ́ wọn. Bí ó bá kú, opó rẹ̀ a máa san 6. Nítorí akçe 6 yìí ni a fi mọ̀ pé ó gbé ayé rí. Nígbà mìíràn, orúkọ tirẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ. Bí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá sì dàgbà, tí ó gbéyàwó, tí ó gba oko bàbá rẹ̀, orúkọ ọmọ náà ni defter tí ó tẹ̀lé e yóò kọ.