Ẹja Trout Orí Òkè ní Arizona àti New Mexico

Apache trout àti Gila trout jẹ́ ẹja omi tútù méjì tí kò sí níbòmíràn láyé, àfi nínú àwọn odò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣàn wá láti orí òkè ìlà-oòrùn Arizona àti ìwọ̀-oòrùn New Mexico, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwọ̀ mú wọn gbọ́dọ̀ gun òkè, kó rin igbó, kó sì mọ òfin, nítorí díẹ̀ ló kù kí ìran àwọn méjèèjì pa run. Tí wọ́n bá ṣì ṣeé pa lónìí, ọpẹ́ ni fún àwọn tó gbà láti má ṣe pa wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Apache trout rẹwà. Ẹ̀gbẹ́ àti ikùn rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú díẹ̀, àmì dúdú tó-tò-tó sì wà káàkiri ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa fi ń dá a mọ̀: àmì dúdú kan wà níwájú ẹyinjú, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fa ìlà kan gba ojú náà kọjá. Ti Gila trout yàtọ̀. Àmì ara rẹ̀ kéré, ó sì pọ̀, òkè ara ló pọ̀ sí jù, àwọ̀ ìyeyè sì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Nínú odò kékeré, èyí tó bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 ti di àgbà ẹja. Robert Rush Miller, onímọ̀ nípa ẹja, ló fún Gila trout ní orúkọ sáyẹ́ǹsì ní 1950, òun kan náà ló sì fún Apache trout ní tirẹ̀ ní 1972.

Nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun tẹ̀ dó sí agbègbè náà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n pa ẹja wọ̀nyí ní àpajù. Màlúù àti àgùntàn jẹ koríko etí odò tán, wọ́n sì tẹ bèbè odò wó. Àwọn agégẹdú gé igi tó ń ṣíji bo omi, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ẹrẹ̀ sì bo òkúta wẹẹrẹ tí ẹja ń yé ẹyin sí. Ṣùgbọ́n ẹja àlejò ló bà wọ́n jẹ́ jù. Kí àwọn tó ń pẹja fún ìgbádùn lè rí nǹkan mú, ìjọba fúnra rẹ̀ ń kó rainbow trout wá láti etí òkun Pàsífíìkì, brown trout láti Yúróòpù, àti brook trout láti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n ń dà wọ́n sínú odò orí òkè. Rainbow ń bá ẹja ìbílẹ̀ gùn, ọmọ tí wọ́n bí sì di àdàlù. Brown ń gbé wọn jẹ. Brook ń gba oúnjẹ àti ibùgbé mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà máa ṣe àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ pa run ní 1967, àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀.

Àwọn White Mountain Apache, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní ìlà-oòrùn Arizona, ti jí sí ọ̀ràn yìí kí ìjọba tó jí. Orí ilẹ̀ wọn, Fort Apache, ni èyí tó pọ̀ jù nínú odò tí Apache trout ṣẹ́ kù sí wà, lẹ́bàá Mount Baldy tó ga ju mítà 3,400 lọ, tó sì jẹ́ òkè mímọ́ lójú wọn. Láàárín àwọn ọdún 1940 sí 1950, wọ́n ti odò wọ̀nyí pa: kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa ju ìwọ̀ sínú wọn. Wọn kò dúró de onímọ̀ kankan kó tó wá fún ẹja náà lórúkọ. Lójú tèmi, ìyìn tí wọ́n ń gbà nínú ìtàn yìí kò tíì tó nǹkan kan. Ká ní wọn kò ti odò yẹn ni, kì bá tí sí irú kankan fún ẹnikẹ́ni láti sìn. Nígbà tó di 1975, wọ́n sún ẹja náà kúrò ní ipò èyí tó fẹ́ pa run sí ipò tó rọjú díẹ̀, èyí sì jẹ́ kí òfin lè gbà kí wọ́n pa á níwọ̀nba. Ní àwọn ọdún 1980, ibùdó ìsin ẹja tó wà ní Williams Creek, lórí ilẹ̀ Apache, bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ìjọba yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àkọsílẹ̀ náà pátápátá. Kò tíì sí trout mìíràn, tàbí ẹja kankan tí wọ́n ń pa fún ìgbádùn ní Amẹ́ríkà, tó bọ́ kúrò níbẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ ti yá.

Iṣẹ́ tó gbé e débẹ̀ le. Wọ́n á mọ odi sójú odò, tí ẹja ìsàlẹ̀ kò ní lè fò kọjá, lẹ́yìn náà wọ́n á kó gbogbo ẹja àlejò tó wà lókè odi náà kúrò. Nígbà mìíràn, wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó ń tú iná díẹ̀ sómi kọ́ ẹ̀yìn, ẹja á dákú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á fi àwọ̀n kó o. Níbi tí ìyẹn kò bá ti ṣiṣẹ́, wọ́n á da oògùn sómi. Rotenone, ọ̀kan lára oògùn náà, wà nínú irú ewé tí àwọn apẹja ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń gún sódò láti ayébáyé kí ẹja lè léfòó. Ó ń pa lára kòkòrò inú omi náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan fi ń takò ó. Mo gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn, ṣùgbọ́n kòkòrò a máa padà bọ̀ sódò. Ẹja tí ìran rẹ̀ bá ti dàlù kò tún ní padà di ògidì mọ́.

Odi yìí náà ní ewu tirẹ̀. Ẹja tí odi dáàbò bò kò ríbi sá sí nígbà tí àjálù bá dé, bẹ́ẹ̀ iná igbó ni àjálù tó ń bá Gila trout jà jù. Ní 2006 ni ìjọba rọ ipò tirẹ̀ lójú, New Mexico sì ṣí odò díẹ̀ fún apẹja ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó di 2012, iná Whitewater-Baldy jó igbó tó lé ní éékà 297,000 ní ìpínlẹ̀ náà. Iná fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa ẹja jù. Òjò tó ń rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló ń gbá eérú àti ẹrẹ̀ wọ odò, tí omi á dúdú, tí á sì ki, tí ẹja kò ní rí èémí mí. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré wọ igbó kó òjò tó dé, wọ́n fi hẹlikọ́pítà kó àwọn tó ṣeé kó jáde, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ odò ló ṣófo. Ní 2022, iná ńlá mìíràn, Black Fire, tún jó agbègbè náà, wọ́n sì tún sáré kó ẹja. Apá kan ibẹ̀, Gila Wilderness, ni ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti 1924 nítorí akitiyan Aldo Leopold, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ igbó ìjọba. Ọkọ̀ kì í wọ ibẹ̀. Ẹsẹ̀, ẹṣin àti ìbaaka ni wọ́n fi ń dé odò.

Ẹni tó bá wá dé odò ọ̀hún á rí i pé omi tó ń wá lè má fẹ̀ ju ohun tí ọmọdé lè fò kọjá lọ. Trout máa ń kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kó lè rí kòkòrò tí omi ń gbé wá, nítorí náà láti ìsàlẹ̀ odò ni apẹja ti ń bọ̀, ní ìkúnlẹ̀, tí kò jẹ́ kí òjìji òun bọ́ sórí omi. Kòkòrò àtọwọ́dá, ìyẹ́ adìyẹ àti òwú tí wọ́n wé mọ́ ìwọ̀ pínníṣín, ni ó ń jù sílẹ̀. Wọ́n á ti tẹ ahọ́n ìwọ̀ náà wọlé kó lè yọ láìfa ẹnu ẹja ya. Kí ó tó fọwọ́ kan ẹja, ó gbọ́dọ̀ fi omi rẹ ọwọ́ rẹ̀, torí ọwọ́ gbígbẹ máa ń ha ohun yíyọ̀ tó bo ìpẹ́ ẹja, tí kì í jẹ́ kí àrùn ráyè wọlé. Lábẹ́ omi ló ti ń tú u sílẹ̀. Tí omi bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ́sàn-án ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, apẹja tó láàánú á ká okùn rẹ̀, á lọ sílé, nítorí ẹja tó ti jà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ lè kú lẹ́yìn tó bá ti wẹ̀ lọ.

Irú ìtàn báyìí wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ní Colorado, àyẹ̀wò DNA ní 2012 fi hàn pé odò kan ṣoṣo ni ògidì trout tí wọ́n ń pè ní greenback cutthroat kù sí, ìyẹn Bear Creek nítòsí Colorado Springs, odò tí kì í ṣe ilé rẹ̀ rárá. Àwọn ènìyàn ló gbé e débẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Odò náà wà ní títì fún apẹja. Ní Wyoming ẹ̀wẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ń fún ẹni tó bá mú oríṣi cutthroat mẹ́rin nínú odò ìbílẹ̀ wọn ní ìwé ẹ̀rí, èyí tí wọ́n ń pè ní Cutt-Slam.

Lórí ilẹ̀ White Mountain Apache, ìwé àṣẹ wọn ni apẹja gbọ́dọ̀ gbà. Ti ìpínlẹ̀ Arizona kò bá a dé ibẹ̀. Ní New Mexico, ẹni tó bá fẹ́ pa Gila trout á gba ìwé àṣẹ pàtàkì kan, tí kò ná an ní kọ́bọ̀, kún ìwé àṣẹ ẹja pípa tó ti ní. Odò tó wà ní ṣíṣí lè di títì bí iná bá jó orí òkè rẹ̀, torí náà òfin tọdún náà ni kí ó kà kó tó gbéra.