Ata tó wà lẹ́yìnkùlé bàbá yín, kí lorúkọ rẹ̀?



Bí ẹnì kan bá fi fọ́tò ata sórí gúrúùpù WhatsApp báyìí pé "ẹ jọ̀ọ́, irú ata wo nìyí?", ìdáhùn mẹ́wàá lè wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹnì kan á ní rodo ni. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, ata wẹ́wẹ́ tó sanra ni. Ẹni tó wà ní London á ní habanero ni. Èso ni gbogbo wọn ń wò, èso gan-an ló sì máa ń tan èèyàn jẹ.

Ẹ jẹ́ ká ti ẹ̀yìn bọ̀ ọ́. Atare àti ìyéré ni àwọn baba ńlá wa ní kí ata yìí tó dé. Amẹ́ríkà ni ata ti wá. Columbus bá a ní erékùṣù Caribbean, ìròyìn rẹ̀ sì dé Spain ní 1493. Àwọn Pọtogí tó ń ṣòwò ní etíkun wa ló gbé e káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn ẹyẹ bá wọn ṣe é pẹ̀lú: ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu rárá, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á yàgbẹ́ hóró rẹ̀ síbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ata lẹ́bàá ògiri tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò gbìn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti ṣi ata mọ̀ rí. Ní 1776, Nikolaus Jacquin sọ ẹ̀yà tí rodo wà nínú rẹ̀ ní Capsicum chinense, torí ó rò pé China ló ti wá. Agbègbè odò Amazon ló ti wá. Orúkọ náà ò yí padà títí dòní.

Ibo wá ni Agége wọ̀ ọ́? Àwa ọmọ ìlú yìí ò yẹ kí ọ̀rọ̀ irúgbìn ṣàjèjì sí. Kí ó tó di pé búrẹ́dì ló gbé orúkọ wa káàkiri, oko ló gbé e. Jacob Kẹ́hìndé Coker dá oko ńlá sí Ifakọ̀, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti òkè wá ṣiṣẹ́ lóko wọn mú irúgbìn kòkó lọ sílé nígbà tí wọ́n ń padà. Obì gbànja náà gbilẹ̀ níbí, òwò obì yìí ló sì kó ọ̀pọ̀ àwọn Hausa wá bá wa gbé. Bí wọ́n ṣe ń dá gbànja mọ̀ yàtọ̀ sí abàtà ò le: awẹ́ méjì ni gbànja ní, abàtà á tó mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀. Awẹ́ ni wọ́n ń kà, àwọ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò.

Ohun tí ẹ ó ṣe sí ata náà nìyẹn, àmọ́ òdòdó ni ẹ ó kà. Ẹ wo oríkèé tí ẹ̀ka ti pín. Bí òdòdó funfun kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, ìdílé tàtàṣé ni, Capsicum annuum. Bí òdòdó bá tó méjì sí márùn-ún ní oríkèé kan, tí ìdí èso sì fún bíi pé wọ́n fi òwú so ó lọ́rùn níbi tó ti lẹ̀ mọ́ ìtì rẹ̀, ìdílé rodo ni. Bí òdòdó bá fẹ́ jọ ewé láwọ̀, tí èso wẹ́wẹ́ nàró sókè, tó sì rọrùn láti já kúrò lára fìlà rẹ̀, ata wẹ́wẹ́ ni, Capsicum frutescens. Ṣọ̀mbọ̀ ní tirẹ̀, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí: àwọn kan kọ ọ́ mọ́ annuum, àwọn kan mọ́ frutescens. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú. Ẹ bi àwọn aládùúgbò wa Hausa náà o: tattasai ni wọ́n ń pe tàtàṣé, attarugu ni wọ́n ń pe rodo. Wọ́n lè ní orúkọ fún èyí tí àwa ti gbàgbé.

Kí ló dé tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu? Oko ti lọ. Láti nǹkan bí 1950 lọ sókè ni ilé iṣẹ́ ti ń gba ilẹ̀ ní Ìkẹjà, ilé gbígbé sì gba ìyókù. Ata tó wà lọ́jà lónìí, láti òkè Ọya ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá sí Mile 12. Ata àtijọ́ tiwa, bó bá kù, ẹ̀yìnkùlé àwọn àgbà ló kù sí. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ bá ta ilé náà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, katakata á kó o lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú irúgbìn rẹ̀, ẹ kíyè sí oyin. Oyin máa ń po ata pọ̀, pàápàá bí rodo ilé kejì bá wà nítòsí. Kí òdòdó tó là, ẹ fi àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹ̀ka kan. Nígbà tí èso bá ti yọ, ẹ tú àpò náà, kí ẹ so òwú pupa mọ́ àwọn èso náà. Àwọn yẹn nìkan ni ẹ ó gba hóró wọn, nígbà tí wọ́n bá pọ́n dáadáa. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ sá hóró sí, oòrùn ọ̀sán líle ò dáa fún un. Ẹ kó o sínú ìgò tó ní ìdérí, kí ẹ sì tún un gbìn láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Hóró ata hybrid tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù kò ní bí irú ara rẹ̀, ẹ má fi àkókò ṣòfò lé e.

NACGRAB wà ní Moor Plantation, Ìbàdàn, láti 1987. Iṣẹ́ wọn ni láti tọ́jú irúgbìn ilẹ̀ wa. NIHORT náà wà ní Ìdí-Ìṣín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbé ata tí kò ní ìtàn lọ bá wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹ ya òdòdó, ẹ ya ìdí èso, kí ẹ sì kọ ẹni tó gbìn ín, ibi tó ti rí i, àti orúkọ tí ìyá àgbà ń pè é. Kí ẹ bi ìyá àgbà léèrè lọ́sẹ̀ yìí.