Ta Ni Ó Mọ Ògiri Zimbabwe?

Ní ayé òde òní, àwọn bíríkìlà ń lo irú búlọ́ọ̀kù kan tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí ó ní eyín ní apá kan, tí ó sì ní ihò ní apá kejì. Eyín ọ̀kan a wọ inú ihò ìkejì, wọn a sì di ara wọn mú gírígírí, tó bẹ́ẹ̀ tí a lè gbé ògiri dúró láìpo sìmẹ́ǹtì láti fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọgbọ́n tuntun pátápátá ni èyí. Ẹ̀rọ rẹ̀ tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Kí ohun ìkọ́lé fi ìwúwo àti ìrísí ara rẹ̀ dúró, láìnílò ohun àlẹ̀mọ́ kankan, èyí ni àwọn mọlémọlé kan ní ilẹ̀ Áfíríkà ti ṣe ní àṣeyọrí ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní Nàìjíríà wa níhìn-ín, àwọn ará Sukur ní orí òkè Mandara, ní ìpínlẹ̀ Adamawa, to òkúta lé òkúta láti fi mọ ààfin Hidi, ọba wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ irú èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní gúúsù Áfíríkà ni ti Zimbabwe, òun náà sì ni a jiyàn lé lórí jù nípa ẹni tí ó ṣe é. Ìtàn iyàn náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ó kan gbogbo ẹni tí ó bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní ilẹ̀ adúláwọ̀.

Ibi tí à ń wí yìí kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ sí ìlú Masvingo. Ní èdè Ṣónà, ilé òkúta ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Àwọn baba ńlá àwọn Ṣónà ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n sì ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkànlá títí di ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Màlúù ni ọrọ̀ ilé wọn. Wúrà àti eyín erin sì ń ti ọ̀dọ̀ wọn lọ sí etí òkun níhà ìlà-oòrùn, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Kilwa. Ìlẹ̀kẹ̀ àti àwo láti Páṣíà àti Ṣáínà ni ó ń padà wá. Àwọn ilé kan wà ní orí òkè, àwọn kan wà ní àfonífojì, Ọgbà Ńlá sì wà ní ìsàlẹ̀. Ògiri tí ó yí Ọgbà Ńlá ká gùn tó mítà 250. Ibi tí ó ga jù nínú rẹ̀ tó mítà 11, ìdí rẹ̀ sì nípọn tó mítà 5 ní àwọn ibòmíràn. Nínú ọgbà náà ni ọwọ̀n ríbìtì kan wà tí ó ga ní nǹkan bí mítà 10. Nínú gbogbo ògiri wọ̀nyí, a kò fi ẹ̀kúnwọ́ amọ̀ kan lẹ òkúta mọ́ òkúta.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Òkè akọ òkúta ni ó pọ̀ ní àgbègbè náà. Oòrùn ọ̀sán a mú un gbóná, òtútù òru a sì mú un súnkì, títí ara rẹ̀ yóò fi máa ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Àwọn òṣìṣẹ́ a dáná sí i kí ó lè tètè là, wọn a sì fọ́ ọ sí ìwọ̀n tí ọwọ́ lè gbé. Nítorí pé ìpele kọ̀ọ̀kan nípọn dọ́gba, àwọn òkúta tí ó ti ibẹ̀ wá a máa jọra bí ẹni pé a yọ wọ́n nínú àpótí bíríkì. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ògiri, wọn a to ojú méjì, ọ̀kan lóde, ọ̀kan nínú, wọn a sì fi èyí tí kò gún régé kún àárín. Òkúta òkè a jókòó sórí ibi tí méjì ti ìsàlẹ̀ ti pàdé. Bí ògiri ti ń ga ni wọ́n ń fà á sínú díẹ̀díẹ̀, kí ìdí rẹ̀ lè fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ. Wọn kò fẹ́ràn igun; ògiri wọn a máa yí kọ́ọ́rọ́ bí odò. Bí ọ̀kan bá pàdé òmíràn, wọn kì í hun wọ́n pọ̀, wọn a kàn jẹ́ kí wọ́n fara ti ara. Wọ́n sì fi ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí omi òjò lè rí ọ̀nà jáde. Àwọn àgbà wa sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ògiri Zimbabwe lanu níbi gbogbo, síbẹ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀ kò wó, nítorí pé ìwúwo òkúta kọ̀ọ̀kan ni ó tẹ ìyókù mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó dára tó báyìí ni àwọn àlejò kan kò fẹ́ gbà pé adúláwọ̀ ṣe. Ní ọdún 1552, João de Barros, òpìtàn ará Potogí tí kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀, kọ ohun tí ó gbọ́ sínú ìwé: odi olókùúta ńlá kan wà ní ilẹ̀ wúrà, a kò sì rí amọ̀ láàárín òkúta rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn kan so ilẹ̀ náà mọ́ Ófírì inú Bíbélì. Ní ọdún 1871, Karl Mauch, ará Jámánì, débẹ̀. Ó gé èérún igi kan lára àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó jọ igi pẹ́ńsù òun. Ó ní igi kédárì ni, pé kédárì kò sì lè ti ibòmíràn wá bí kò ṣe Lébánónì. Nítorí náà, ààfin ayaba Ṣébà, ọ̀rẹ́ Sólómọ́nì, ni ibẹ̀. Ẹ wo bí a ti ti ara pẹ́ńsù dé Jerúsálẹ́mù! Igi tí ó hù ní ilẹ̀ náà gan-an ni igi ọ̀hún.

Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe ẹnì kan ni, kì bá tí pẹ́ kí ó tó parẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1890 ni ilé-iṣẹ́ Cecil Rhodes wọ ilẹ̀ náà, àwọn tí ó gba ilẹ̀ sì rí i pé ìtàn yìí wúlò fún wọn. Bí ó bá jẹ́ pé aláwọ̀ funfun tàbí ará Foníṣíà ni ó ni ibẹ̀ ní ayé àtijọ́, a jẹ́ pé ẹni tí ó gba ilẹ̀ kò gba ohun olóhun. Ogún baba rẹ̀ ni ó padà wá mú. Ní ọdún 1891, Theodore Bent wa ilẹ̀ ibẹ̀. Ìkòkò àti irinṣẹ́ adúláwọ̀ ni ó ń rí, síbẹ̀ ó kọ ọ́ pé àwọn ará òkè òkun ni ó mọ ògiri náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Richard Hall, tí a fi ṣe olùtọ́jú ibẹ̀ ní ọdún 1902. Hall ní òun fẹ́ gbá ìdọ̀tí àwọn adúláwọ̀ kúrò kí ojú iṣẹ́ àtijọ́ lè hàn, ó sì kó ilẹ̀ inú ilé wọ̀nyí dànù. Ó ṣe ni láàánú pé ohun tí ó pè ní ìdọ̀tí ni ẹ̀rí gan-an: ilẹ̀ ilé, eérú, àpáàdì àti egungun ẹran àwọn tí ó gbé ibẹ̀. Ẹni tí ó yẹ kí ó pa ìwé mọ́ ni ó fa ìwé ya.

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọdún 1905, David Randall-MacIver wa ilẹ̀ náà ní ọ̀nà tí ó tọ́, ó sì sọ ọ́ kedere pé adúláwọ̀ ni ó ṣe é, àti pé kò ti ayé Sólómọ́nì wá. Inú bí àwọn òyìnbó ilẹ̀ náà. A tún rán obìnrin kan, Gertrude Caton-Thompson, lọ ní ọdún 1929. Obìnrin yìí wá ibi tí ọwọ́ àwọn aṣáájú rẹ̀ kò tíì bà jẹ́, ó wà á ní ìpele-ìpele, ó sì gbẹ́ ilẹ̀ gba abẹ́ ọwọ̀n ríbìtì nì láti mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Kò bá ibojì ọba kankan, kò sì bá wúrà. Ohun gbogbo tí ó rí ní abẹ́ ilẹ̀ àwọn ilé náà jẹ́rìí sí ohun kan náà: iṣẹ́ adúláwọ̀ ni.

Ẹ̀rí tí ó dùn mọ́ mi jù ni èyí tí ògiri fúnra rẹ̀ jẹ́. Ní ọdún 1958, Roger Summers, Keith Robinson àti Anthony Whitty tún ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ayàwòrán ilé ni Whitty, ojú oníṣẹ́ ni ó sì fi wo òkúta. Ó rí i pé oríṣi mẹ́ta ni ògiri náà. Nínú èyí tí ó kọ́kọ́ wà, ìlà òkúta ń lọ sókè sódò, òkúta rẹ̀ kò sì dọ́gba. Nínú oríṣi kejì, a ti ṣa òkúta, a ti gbẹ́ ojú rẹ̀, ìlà rẹ̀ sì tẹ́jú. Èyí ni ti Ọgbà Ńlá. Ìkẹta kò ní ètò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ pé àjèjì ni ó gbé iṣẹ́ yìí wá láti òkè òkun, èyí tí ó dára jù ni ì bá kọ́kọ́ wà, nítorí pé àkọ́yege ni ẹni tí ó mú un wá. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí ni ọwọ́ ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ lórí ilẹ̀ baba rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àìdọ́gba títí tí ó fi mọ̀ ọ́n. Lọ́nà kejì, ògiri òkúta wọ̀nyí kò gbé òrùlé. Ilé amọ̀ roboto ni àwọn ènìyàn ń gbé láàárín wọn, ògiri òkúta sì so ilé kan mọ́ èkejì, gẹ́gẹ́ bí ọgbà ti í yí agbo ilé ká. Ta ni í kọ́ ilé báyẹn bí kì í bá ṣe ọmọ ilẹ̀ náà?

Síbẹ̀ àwọn aláṣẹ kò fẹ́ gbọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1965, ìjọba Ian Smith kéde pé Rhodesia ti gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì fẹ́ kí ìwé ìtọ́nisọ́nà fún àlejò sọ ọ́ gbangba pé adúláwọ̀ ni ó mọ ògiri náà. Peter Garlake, tí ó jẹ́ alábòójútó ohun àtijọ́ níbẹ̀, kọ̀ láti purọ́. Ó fi iṣẹ́ àti ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún 1970. Ẹ̀yin òǹkàwé, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí ó wá? Yunifásítì Ifẹ̀ ni. Níbẹ̀ ni ó ti wa ilẹ̀ Ọbalárá àti Woye Asiri, tí ó sì rí ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi àpáàdì tẹ́. Ìwé rẹ̀ lórí Zimbabwe jáde ní ọdún 1973. Nígbà tí òmìnira tòótọ́ dé ní ọdún 1980, orúkọ ilé òkúta yìí ni orílẹ̀-èdè náà mú, ẹyẹ olókùúta tí a rí nínú rẹ̀ sì wà lórí àsíá wọn.

Ifẹ̀ tí Garlake wá náà ti jẹ irú ìyà yìí rí. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius rí orí Olókun, ó sì ní àwọn ará Atlantis, ìlú tí òkun bò mọ́lẹ̀ nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, ni ó fi irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àwa náà sì ní láti ṣọ́ra. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Erédò Sùngbọ́ yí ilẹ̀ ká fún ohun tí ó lé ní kìlómítà 160. Àwọn kan ń sọ pé Bilikisu tí ó ni ín ni ayaba Ṣébà, ayaba kan náà tí Mauch fẹ́ fi ògiri Zimbabwe ta lọ́rẹ. N kò ní kí ẹnikẹ́ni pa ìtàn ìdílé rẹ̀ tì, nítorí pé ọlá ni ìtàn náà fẹ́ fún obìnrin náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń bu ọlá fún ayaba, kí a má ṣe gbàgbé àwọn tí ó fi ọkọ́ wa ilẹ̀ náà. Ọmọ ilẹ̀ wọ̀nyí ni wọ́n.

Lónìí, gbòǹgbò igi, òjò àti ẹsẹ̀ àlejò ń yọ ògiri Zimbabwe lẹ́nu. Ibì kan a wú síta, ibì kan a wó lulẹ̀. Wọn kò lè da sìmẹ́ǹtì sí i, nítorí pé sìmẹ́ǹtì yóò dí ọ̀nà omi, yóò sì gba agbára tí ògiri fi ń mì díẹ̀díẹ̀ láìwó. Wọn a ya àwòrán ibi tí ó fẹ́ wó, wọn a kọ nọ́ńbà sára òkúta, wọn a tú u palẹ̀, wọn a sì tún un tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mọlémọlé àgbègbè náà ni ó ń ṣe é, pẹ̀lú òòlù àti ọwọ́ lásán.